Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́tò yín dání?

Ohun tójú akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Andy Greenberg, rí lójú títì márosẹ̀ lọ́dún 2015 kì í ṣe kékeré. Jíìpù Cherokee ló ń wà ní St. Louis, ó ń sá eré máìlì 70 ní wákàtí kan. Ṣàdédé ni éésì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn bíi yìnyín, rédíò fariwo ta, ó yí i wálẹ̀ títí, kò gbọ́. Wípà náà ń gbá gíláàsì. Ibi tó ti ń wò ó bíi eré ni jíà bá kọṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń tẹná mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn!

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ayé ló ń ṣe é o. Charlie Miller àti Chris Valasek ló jókòó sílé Miller, nǹkan bíi máìlì 10 síbẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀. Olè kọ́ ni wọ́n, wọ́n ti jọ ṣàdéhùn ẹ̀ ni, kí ayé lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ara rédíò tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbà wọlé tí wọ́n fi dé ìdí jíà. Lóṣù keje ọdún náà, Fiat Chrysler kéde pé àwọn máa tún mọ́tò 1,400,000 ṣe. Wọ́n ti dí ihò yẹn.

Èyí tó kan àwa tá à ń ra tòkunbọ̀ ni ti Charles Henderson, òṣìṣẹ́ IBM. Lọ́dún 2017 ló sọ ọ́ síta pé òun ti gbé mọ́tò òun fún àwọn tó ń ta mọ́tò láti bí ọdún mélòó kan, òun sì ti pa gbogbo ohun tí òun tò sínú ẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀, fóònù òun ṣì ń fi ibi tí mọ́tò wà han òun, òun lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, òun lè fọn fèrè ẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún ò mọ nǹkan kan! Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni orúkọ onímọ́tò wà, kì í ṣe inú mọ́tò nìkan. Lóòótọ́, bí síìmù inú mọ́tò ò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò níbí, àṣẹ ẹni àkọ́kọ́ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àmọ́ àwa náà, ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ká wo ẹ́ńjìnnì, ká béèrè bóyá wọ́n ti kùn ún rí, ìyẹn la mọ̀. Ta ló ń béèrè pé ṣé wọ́n ti yọ orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí mọ́tò, ká wọlé. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ gbé sórí géètì, tí ọmọ yín fi ń wo ilé láti London, páásíwọ̀ọ̀dù wo ló wà lára ẹ̀? Èyí tó bá a wá látinú páálí? Irú ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà wá kiri lọ́dún 2016, nígbà tí wọ́n ṣe Mirai, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán páásíwọ̀ọ̀dù páálí wò láti ilé dé ilé. Kámẹ́rà onílé di ọmọ ogun wọn, onílé ò mọ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ẹlòmíì fi irú ogun bẹ́ẹ̀ kọlu Dyn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí Twitter àti Netflix wọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àwọn mẹ́ta náà jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ lọ́dún 2017.

Ẹni tó bá yín so kámẹ́rà náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ òun ló yan páásíwọ̀ọ̀dù, tó tún fi fóònù ẹ̀ dán an wò, ẹ ní kó yọ ara ẹ̀ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù padà fúnra yín. Ẹ má tijú ẹ̀ jàre. Tó bá lóun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà, ẹ ní kó tú u kalẹ̀, kó máa gbé e lọ.