Ẹ Yí I Sẹ́yìn Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìwé-pẹlẹbẹ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ ra hómù tíátà, láti Ìrèé títí dé Ìlá-Ọ̀ràngún

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni mò ń ṣe ní Ìrèé. Bí ọdún Kérésìmesì bá ti kọjá, tí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Irú àpótí kan náà ni, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n. Ìgbàgbọ́ kan ló ń kó owó wọn sínú omi, n kò sì lè dákẹ́ sí i mọ́.

Ìgbàgbọ́ náà nìyí: pé ẹni tó bá fẹ́ kí pálọ̀ òun dà bíi sinimá, kí ó wá àpótí kan ṣoṣo tó ń ṣe ohun gbogbo, tó ń ka àwo, tó ń gba fíláàṣì, tó ní rédíò, Bluetooth, àmpílífáyà, sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. Wọ́n ní bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, tí watt ara páálí rẹ̀ sì ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ọlá rẹ̀ ṣe tó.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èkíní: iye iwájú, iye ẹ̀yìn

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ ilé tuntun sí ọ̀nà Ìlá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé hómù tíátà àwọn kò dún mọ́. Nígbà tí mo dé pálọ̀, páálí rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ògiri. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ kankan jù ú nù. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí náà: 1000W. Mo kúnlẹ̀, mo yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, mo nu eruku kúrò lórí bébà pélébé tó wà nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé, mo tan iná fóònù mi sí i, mo sì ní kí Bàbá fúnra wọn kà á. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Ohun tí wọ́n kà ni 65W.

"Ṣé èyí tó ń gbà lọ́wọ́ iná nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló wá ń fún un ní ìyókù?"

Kò sí ẹni tó ń fún un. Ẹni tó pọn korobá omi kan wálé kò lè rí korobá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dà sínú agbada. Lóòótọ́, àwọn kapásítọ̀ inú ẹ̀rọ máa ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ìlù bá ró gbì. Àmọ́ kí ojú tó ṣẹ́, ó ti tán. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní PMPO ló burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí agbára ìṣẹ́jú àáyá yìí ló ń kà, kò sì bìkítà bí ohùn náà ti bàjẹ́ tó. RMS, ìṣirò agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé láìsinmi, sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí THD 10%, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe bàjẹ́ tó, ohùn náà ti ń ya kí ó tó dé iye yẹn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1974 ni àjọ FTC, tó ń ṣọ́ ìṣòwò ní Amẹ́ríkà, ti ṣe òfin pé ẹni tó bá ń polówó àmpílífáyà ilé gbọ́dọ̀ sọ iye agbára tó lè gbé láìsinmi. Níhìn-ín, ojú wa nìkan ni òfin wa.

Èkejì: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn kú

Ohun tó pa ẹ̀rọ Bàbá ni iná tó ya wọlé lójijì ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó jó bọ́ọ̀dù kan, bọ́ọ̀dù kan yẹn ló sì ń bọ́ àwo, rédíò àti àmpílífáyà pọ̀. Mo wá irú rẹ̀ dé Òṣogbo, mo wá a dé Ìbàdàn, n kò rí i. Kò sí ohun tó ṣe àwọn sípíkà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wáyà wọn kò bá ihò ẹ̀rọ mìíràn mu, ohm mẹ́ta ni wọ́n sì jẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ àmpílífáyà tó dára ń fẹ́ ohm mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe sin alààyè mẹ́fà mọ́ òkú kan nìyẹn.

Ẹ wo àwọn àyàn wa. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń dá tirẹ̀ lóhùn, àwọn omele ń tẹ̀ lé wọn. Bí awọ omele kan bá ya lóde ìyàwó, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á lọ fi awọ tuntun bò ó lọ́jọ́ kejì. Òde kò ní tú. Kò sí àyàn kan tó jẹ́ gbẹ́ gbogbo ìlù rẹ̀ pọ̀ mọ́ igi kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa ohùn nìyẹn: kí kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ̀kẹta: ayé ń yí, àpótí kò lè bá a yí

Ẹ rántí tẹlifíṣàn tó gbé fídíò sínú. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Tì Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, kásẹ́ẹ̀tì ni a fi ń wo fíìmù, ọlọ́lá sì ni ẹni tó ní tẹlifíṣàn tó lè gbé kásẹ́ẹ̀tì mì. VCD dé, DVD dé, fíláàṣì dé. Ní oṣù keje ọdún 2016, Funai ti Japan, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ kẹ́yìn tó ṣì ń ṣe ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju fídíò nù, ó ń wo tẹlifíṣàn rẹ̀ lọ. Ẹni tó ra àkópọ̀ ń gbé ẹnu òfìfo káàkiri pálọ̀.

Àwo DVD tó wà nínú hómù tíátà yín ńkọ́? Àwòrán rẹ̀ jẹ́ 720 ní ìbú, 576 ní òró. Tẹlifíṣàn 4K jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀: ìlọ́po ogún gan-an ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni ẹ ń sanwó lé lórí nínú àpótí tuntun.

Nígbà tí ètò tẹlifíṣàn ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní dígítà dé Òṣogbo ní 2018, ẹni tí tẹlifíṣàn rẹ̀ ti dàgbà ra dìkódà kékeré, ó sì bá ayé lọ. Ní December 2019, Netflix dáwọ́ dúró lórí àwọn tẹlifíṣàn Samsung kan tó ti pẹ́. Ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ọpọlọ inú wọn ló gbó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé sípíkà tó dára lè lo ogún ọdún, ọpọlọ ẹ̀rọ kì í sábà lo tó mẹ́wàá. Ẹ má so arúgbó mọ́ ọmọdé lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: àpótí Android olówó pọ́ọ́kú

Àwọn kan á ní, "Android box ni tèmi, ohun gbogbo wà nínú rẹ̀." Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí ẹ kò rà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0: àwọn ọ̀daràn ti kó ètò olè sínú àwọn àpótí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kí oníbàárà tó tú páálí rẹ̀ pàápàá, wọ́n sì ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ilé onílé ṣe iṣẹ́ ibi. Èyí tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Widevine L1, Netflix kò ní fún un ní àwòrán tó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ 4K ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀.

Èsì fún àwọn alátakò

Wọ́n á ní wáyà á pọ̀, rìmóòtù á pọ̀. Wáyà HDMI kan láàárín tẹlifíṣàn àti àmpílífáyà, sí ihò tí wọ́n kọ ARC sí, ń gbé ohùn tẹlifíṣàn padà wá. 2009 ni ọ̀nà yìí ti wà. CEC tó wà nínú wáyà kan náà á jẹ́ kí rìmóòtù kan tan méjèèjì, kó sì pa méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àpótí gbogbonìṣe ló sì jẹ́ pé ihò HDMI tó ń jáde nìkan ló ní; dìkódà yín kò ní rí ibi wọlé.

Wọ́n á ní owó rẹ̀ á pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa rà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmpílífáyà gidi kan àti sípíkà méjì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi ti àárín kún un, nítorí òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Bí wúfà bá bo ẹnu bàbá tó ń pa òwe nínú fíìmù wa, kí ni ẹ wá wò? Wúfà á tẹ̀ lé e, ti ẹ̀yìn á gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ ihò HDMI (HDMI stick), tó ní ìwé ẹ̀rí, ni kí ẹ fi ṣe ọpọlọ rẹ̀. Bó bá gbó, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Kí ẹ sì tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ dúró sáàárín pálọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dún padà, sìmẹ́ńtì àti táìlì ló ń dá yín lóhùn: ẹ kọ́kọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì tó nípọn. Ẹ má gbàgbé sìtẹ́bíláísà. Iná tó pa ẹ̀rọ Bàbá kò tíì jáde nílùú.

Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kan nítòsí Poly ní Ìrèé lè ra àpótí kékeré kan, kí ó fi gbọ́ orin. Kò burú fún un. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n máa pè é ní ẹ̀rọ ọlọ́lá, kí wọ́n sì máa gba owó ọlọ́lá lórí rẹ̀.

Bàbá ti ra àmpílífáyà kan àti sípíkà méjì. Èmi àti wọn la jọ lọ sọ́jà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á, wọ́n ti yí i sẹ́yìn, wọ́n ń wá awò ojú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣe bíi tiwọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ sì kà á.