Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Gbẹ́gi

Mo tún ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan pe ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹ́gilére kan wá sórí ètò rẹ̀, ó kí i, ó pọ́n ọn lé, ó ní, "Àmútọ̀runwá lèyí, àbí?" Ọmọ náà ní rárá o, òun ní ọ̀gá tó kọ́ òun, òun sì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí bó ṣe nírẹ̀lẹ̀! Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa." Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́rìí, wọ́n fi ẹ̀rín da ẹ̀rí rẹ̀ nù.

Kí wọ́n má baà ní mo sá fún ọ̀rọ̀, ohun tí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́ nìyí: wọ́n ti pín ìmọ̀ọ́ṣe fún ẹ̀dá kí wọ́n tó bí i. Ẹni tí wọ́n pín in fún, àkàndá ni, ẹlẹ́bùn ni, orí rẹ̀ pé. Ẹni tí wọn ò pín in fún, olódo ni, kó lọ jókòó. Wọ́n ní àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àgbà wo?

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti Ìgbómìnà, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ níbì kankan, ibẹ̀ ló yẹ kó ti ṣe é. Aréògún ará Òsí gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ère Ẹ̀pà, òkìkí rẹ̀ kàn kó tó kú ní 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ náà di agbẹ́gilére ńlá. Ibi tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Àmọ́ Bándélé kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Òṣàmúkọ́, tó ti ṣe ọmọṣẹ́ bàbá rẹ̀ rí, ló ti kọ́ ọ. Ẹ dákun, bí iṣẹ́ bá ti inú ẹ̀jẹ̀ Aréògún ṣàn wọ ara Bándélé, kí ni Bándélé ń wá lọ sọ́dọ̀ Òṣàmúkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ gbàgbé nǹkan sílé ọmọṣẹ́ ni?

Aréògún gan-an, ọ̀gá ló kọ́ ọ. Bámgbóṣé wà lára àwọn tó sìn.

Ẹ wá wo Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún. Bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, òun náà sì ti ń gbẹ́ ẹ láti kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun tó òun, òun ni. Síbẹ̀, nígbà tí Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, tí Bándélé ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀, Fákẹ́yẹ tọ̀ ọ́ lọ, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣe ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ agbẹ́gilére lọ kọ́ iṣẹ́ igi gbígbẹ́! Nígbà tó wá di ẹni tí ayé ń wá kiri, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, àwọn èèyàn wa tún padà wá sọ pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Kí ni ó tilẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yẹn tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ mọ̀? Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, tí àáké ń ṣá ìtí igi títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ gàgàrà. Lẹ́yìn náà àlétúnlé, tí ojú, etí àti ọwọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà dídán. Fínfín ló gbẹ̀yìn, tí ṣónṣó ọ̀bẹ ń fa irun orí àti ilà ojú. Ọmọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbi lílé. Ó ń gbá èérún igi, ó ń pọ́n irin lórí òkúta. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á na ère tí ọ̀gá ti lé tó ti tún lé sí i pé kó dán an. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń mọ bí igi ire ṣe ń gbọ́ràn àti bí igi apá ṣe ń ṣagídí. Bó bá fi ọ̀bẹ rìn lòdì sí bí igi ṣe tò, imú ère á fò dànù, ẹnu ọ̀gá kò sì ní í gbófo lọ́jọ́ náà. Mélòó nínú àwọn imú wọ̀nyẹn ni ẹ̀jẹ̀ dá dúró?

Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé láyé àwọn bàbá yìí, ọkùnrin nìkan ló ń gbẹ́gi. Ẹ̀jẹ̀ yìí mà mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin o! Ó dé ara àbúrò ọkùnrin, ó fo ẹ̀gbọ́n obìnrin tí wọ́n jọ jáde nínú ìyá kan náà. Ta ló fo obìnrin bí kì í ṣe ẹni tó ń pín àáké?

Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀, agbo ilé ni. Inú èérún igi lọmọ ń rá. Ohùn irin ló fi ń sùn. Ẹ gbé ọmọ agbẹ́gilére fún àgbẹ̀ tọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kó dàgbà láàárín ebè iṣu, kẹ́ ẹ wá gbé ìtí igi síwájú rẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ ó gbẹ́ ẹ.

Wọ́n á ní àwọn onílù ńkọ́, àwọn ọmọ Àyàn? Wọ́n ti fi ìlù kékeré há wọn lápá kí wọ́n tó mọ bàtà wọ̀. Wọ́n á ní orí ni, àkúnlẹ̀yàn ni. Ẹni tó bá mọ Ifá ju orúkọ lọ mọ̀ pé bí wọ́n ti ń sọ orí níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ẹsẹ̀; Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsẹ̀, akitiyan ẹ̀dá, ló ń gbé orí rere débi ire. Wọ́n á ní ọwọ́ kan yá ju òmíràn lọ. Mo gbà. Èwo ló wá kàn mí nínú ìyẹn?

Èmi mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ó dín owó kù. "Ṣebí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kí lo wá ń gba owó gọbọi sí?" Oníbàárà tó ń san owó mẹkáníìkì pé torí ó mọ̀ pé ó kọ́ṣẹ́, òun ló ń ná ère bí ẹni pé igi náà gbẹ́ ara rẹ̀ lóru.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ilé ìwé. Ọmọ ọdún méje kò tí ì mọ ìpín, wọ́n ti ní orí rẹ̀ ò gbàwé. Olódo! Níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan yẹn ti gba olùkọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, ó ti gba òbí lọ́wọ́ owó lẹ́sìnnì, ọmọ nìkan ló kù tó ń ru ẹrù. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ṣòro: kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n tún un kọ́ ọ, kí wọ́n tún un kọ́ ọ sí i, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ tó bá ti ń pe ọmọ ní olódo láàárín sáà, kó kọ́kọ́ sọ iye ìgbà tóun ti tún iṣẹ́ náà kọ́ ọ. Owó oṣù tiẹ̀ kò dúró de orí ọmọ kankan.