Láísẹ́ńsì Wa ní Ìlú Ọba: Oṣù Méjìlá Péré

Ọ̀rọ̀ mi lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ owó yíyá ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Alajue yìí ló yá owó ẹgbẹ́ kí ọmọ lè rí ọ̀nà lọ sí Ìlú Ọba. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà lọ́hùn-ún, ojú onídùúró la ó máa wò níhìn-ín.

Èmi ni mo dúró fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, láti ilé dé ilé, ọkọ̀ ló sì fi ń ṣe é. Láísẹ́ńsì tó gbé láti ilé jẹ́ ti ọdún 5, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò mọ̀ pé oṣù 12 péré, láti ìgbà téèyàn bá ti di olùgbé ibẹ̀, ni òfin wọn fi gba ìwé Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrìnlá, ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Ìnṣọ́ránsì tó ń san lóṣooṣù kò wúlò mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá wọn san owó ẹgbẹ́.

Àwọn kan ní kó lọ pààrọ̀ ìwé náà. Pààrọ̀ kẹ̀? Ará Sáúsù Áfíríkà àti Simbábúè lè pààrọ̀ tiwọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹni tiwa yóò gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, yóò ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 50, ó kéré tán kó gba 43, kó tún dá ewu mọ̀ nínú fídíò. Lẹ́yìn náà ni ti ojú títì, tí ẹlòmíràn ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rí ọjọ́ gbà. Bí oṣù 12 bá pé tí kò tíì yege, pátákó L ni yóò lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹni tó ti ní láísẹ́ńsì fún ọdún 3 yóò sì jókòó tì í.

Àwọn èèyàn ń bínú pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín wa. Èmi ò bínú tó bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú wa ló ṣe ìdánwò kankan kó tó gba tirẹ̀? Ẹ̀yin àgbà awakọ̀, ẹ ṣáà rántí April 2, 1972, tí a kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, bó ti dààmú yín tó. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń tọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ owó yíyá: ẹ máa bi òbí bóyá ọmọ yóò wakọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ka owó ìdánwò àti ti olùkọ́ mọ́ ohun tó fẹ́ yá. Kí òbí kọ ọjọ́ tí ọmọ gúnlẹ̀ sẹ́yìn káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ tètè béèrè ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Kò ní kó má fi ìwé Nàìjíríà wakọ̀ títí oṣù 12 yóò fi pé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti yege báyìí, lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá rẹ̀ san èyí tó kù ní ìpàdé tó kọjá.