Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Ó Yẹ Atẹ̀wé

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ jọjọ, ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìkánjú rà. Èyí àtijọ́, oníkùn ńlá, tí ó jẹ́ pé àlòkù rẹ̀ nìkan ni ó kù, wúwo bí ọlọ. Oní-ínṣì 17 lè tó kílò 15. Iná tí ó ń jẹ ju ìlọ́po méjì ti pẹlẹbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó epo jẹnẹrétọ̀ kò kéré. Síbẹ̀ kò yẹ kí ọ̀dọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìhà yòówù tí ènìyàn ìbáà ti wò ó, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ọ̀pọ̀ pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò rí àwọ̀ kan, ẹni tí ó jókòó sídìí iṣẹ́ yóò rí òmíràn. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé ìpè ìgbéyàwó tán ni ìjà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò san owó bébà?

Pẹlẹbẹ ni kí atẹ̀wé rà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, tí àwọ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Kí ó má sì fọ́ oníkùn ńlá sójú àgbàrá: òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, májèlé sì ni òjé fún àwọn ọmọ tí ń ṣeré níbẹ̀.