Ẹni tó ń sanwó ni kó jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in

Ní 30 oṣù Ṣẹẹrẹ 1649 ni wọ́n bẹ́ orí Charles Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1949, tó pé 300 ọdún, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kọ̀wé fi orí ìtẹ́ Ẹ̀gbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bá gbìmọ̀ ló dá wàhálà àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ọdún 11, láti 1629 sí 1640, ni Charles fi jọba láìpe àwọn aṣòfin jọ. Ó ń gba owó ọkọ̀ ogun ojú omi lọ́wọ́ ìlú tí kò tilẹ̀ sún mọ́ òkun. Nígbà tí ogun Scotland wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló tó ránṣẹ́ pe àwọn aṣòfin, ẹ̀dùn ọkàn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n sì kà sí i létí. Ní 1642 ó kó ológun wọ ilé aṣòfin láti mú márùn-ún nínú wọn. Ogun abẹ́lé ló tẹ̀lé e.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ògbóni. Obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n rán aṣojú, wọn ò rí ìdáhùn gidi. Ní oṣù Bélú 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn sí iwájú ààfin Aké. Ní oṣù Agẹmọ 1948, ọba kó lọ sí Òṣogbo.

Àwa ará Rẹ́mọ mọ̀ pé ọba kì í dá ìlú tò. Ìdí tí Òṣùgbó, Ògbóni tiwa, fi wà nìyẹn.

Obì ni ìyá mi tà ní Ìpara yìí, tó ń kó o lọ bá àwọn Gàmbàrí ní Sábó Ṣàgámù. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni mo gba ìsọ̀ rẹ̀. Agbowó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, a sì ń san án. Bí òjò bá rọ̀, inú ẹrẹ̀ la ń pàtẹ. Kò sẹ́ni tó ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sí wa létí rí.

Àwọn kan ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù àgbà. Mi ò gbà. Ẹni tó bi àgbà léèrè lójúkojú ló ń dáàbò bo ipò àgbà náà. Adémọ́lá padà sórí ìtẹ́ ní 1950, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1962. Charles kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn ọlọ́jà fúnra wọn yan obìnrin méjì sínú ìgbìmọ̀ tó ń bu owó ọjà, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba ọjà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n tó tún fi náírà kan lé owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí èyí.