Ẹsẹ̀ Nìkan Kò Gbé Ọmọ Dé Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí ọmọ kan bá ń sáré bí ẹfúùfù ní pápá ilé-ìwé n'Ísánlú-Ìsin, kíá la ti ń fi í wé Tóbi Amúsan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kàwé ní Yunifásítì Texas ní El Paso, tó sì fo igi 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 lọ́dún 2022. Ó dáa. Ta ló wo ìwé ọmọ náà?

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń wò ó. Ìpele àkọ́kọ́ wọn (Division I) ń béèrè kọ́ọ̀sì 16, Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin àti ìṣirò ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀, máàkì kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.3 nínú 4.0. Kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ti ń kà á, ìyẹn JSS3 tiwa. Wọ́n ti yọ ìdánwò SAT kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì kò yẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tó ń gba ife-ẹ̀yẹ wálé la máa ń yọ̀ǹda kúrò ní kíláàsì ìṣirò!

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ tọ́jú èsì ọmọ láti JSS3, ẹ má sì fi ìdíje gba àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́.