Adìẹ Ìbílẹ̀ Wọ́n Lóòótọ́, Ṣùgbọ́n Kí Ló Jẹ Dàgbà?

Ní ọjà Boundary, Ajégúnlẹ̀, ní Èkó, ẹni tó fẹ́ ra adìẹ ìbílẹ̀ á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ igẹ̀ rẹ̀, kó tó ná an. Owó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀: adìẹ òyìnbó ti tó pa ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ti ìbílẹ̀ á lo oṣù bíi 5.

Ẹ̀rù ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sídìí adìẹ ìbílẹ̀. Láti 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de adìẹ dídì láti òkè òkun, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ ń kó o wọlé láti Kútọnu. Àwọn aṣọ́bodè ti kìlọ̀ léraléra pé wọ́n ń fi fọ́málììnì, oògùn ìtọ́jú òkú, sí i kó má bàa bàjẹ́. Ta ni kò ní sá?

Ṣùgbọ́n adìẹ ìbílẹ̀ tó ń ṣa ìdọ̀tí jẹ létí gọ́tà Kírikírì ńkọ́? Ní Yúróòpù, àwọn olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí oúnjẹ àti ìtọ́jú ẹran kí wọ́n tó lè tà á gẹ́gẹ́ bí ẹran “organic”. Lọ́jà tiwa, ẹnu aládìẹ nìkan ni òǹtẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó gọbọi, ẹ bi í: níbo ni wọ́n ti sìn ín, kí ni wọ́n fi bọ́ ọ, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?